"Agbe ló laró, kì í ráhùn aró": aró wo gan-an ni wọ́n ń sọ?

Ẹnì kan béèrè pé níbi ìsọmọlórúkọ kan níbí ní Abẹ́òkúta, bàbá tó ń wúre fọ́mọ ní "agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékeléke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun", gbogbo ilé ṣe àmín, òun náà ṣe àmín, àmọ́ kò yé òun, ṣé aró yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ n'Ítòkú, àbí ẹyẹ náà ń lọ sọ́dọ̀ aláró ni?

Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ìbéèrè gidi ni. Ẹyẹ kì í lọ sọ́dọ̀ aláró, ibẹ̀ gan-an sì ni àdúrà yẹn dá lé. Kéèyàn ráhùn ni kó máa ṣàròyé pé nǹkan ò sí, kó máa wá a kiri. Agbe, ẹyẹ búlúù ni, ara ẹ̀ ni aró ẹ̀ wà, kò sí ọjọ́ tó máa jí tó máa bẹ̀rẹ̀ sí í yá aró lọ́wọ́ ẹnìkan. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àdúrà owó ni, èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n ń tọrọ fọ́mọ yẹn ni pé kí ire ẹ̀ wà lára ẹ̀ débi tí ẹnikẹ́ni ò ní lè bọ́ ọ kúrò.

Aṣọ ló ń ráhùn aró ní tiẹ̀. Ìyá wa àgbà ṣe aró ní Kẹ́mta, mo sì bá wọn débẹ̀ dáadáa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ìkòkò kan tí wọ́n ti lu nídìí máa wà lórí òmíràn, wọ́n á da eérú sí tòkè, wọ́n á bu omi sí i, omi yẹn á máa kán tó-tó-tó sí tìsàlẹ̀, ó máa pọ́n bíi tíì tí ò ní mílíìkì, tó bá kan ọgbẹ́ lọ́wọ́ ẹ, wàá kígbe. Inú omi eérú yẹn ni wọ́n máa da ewé ẹlú tí wọ́n ti gún tí wọ́n ti sá gbẹ sí, wọ́n á bò ó fún ọjọ́ mélòó kan, òórùn ibẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu ni pé tí wọ́n bá fa aṣọ jáde, kì í ṣe búlúù, àwọ̀ ewé ni, àfi bí ìgbà tí wọ́n fi ewédú pa á, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú mélòó kan lójú yín báyìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í di aró. Mo rò pé àǹjọ̀nú ni nígbà yẹn.

Ilé ìwé ni mo ti wá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Gbogbo nǹkan ló ní átọ́ọ̀mù, ìyẹn ẹyọ tín-tìn-tín tí nǹkan fi wà, átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan dẹ̀ ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ohun tó tún kéré jù ú lọ, tó ń yí àárín ẹ̀ ká ní ìpele-ìpele. Ẹ mú pòtáṣíọ̀mù tó wà nínú eérú yẹn, 19 ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ẹ̀, 2, 8, 8, ó wá ku ẹyọ 1 lóde pátápátá. Ẹyọ kan yẹn ò dúró rí, ó máa ń tètè já a fún ẹlòmíì, tó bá ti já a, ohun tó ṣẹ́kù kì í ṣe átọ́ọ̀mù lásán mọ́, ó ti di áyọ́ọ̀nù, tó ní àmì ìròpọ̀ (+) lára. Èyí tó gbà á náà di áyọ́ọ̀nù tiẹ̀, tó ní àmì ìyọkúrò (-), àwọn méjèèjì á wá lẹ̀ mọ́ra torí àmì wọn yàtọ̀. Bí iyọ̀ inú ọbẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn, sódíọ̀mù ló fún kílórììnì ní ẹyọ kan. (Ọdún 1807 ni Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ́kọ́ yọ pòtáṣíọ̀mù sọ́tọ̀, orúkọ yẹn dẹ̀ wá látinú eérú inú ìkòkò ní èdè wọn, ìyá wa àgbà ò bá ti rẹ́rìn-ín. Àmì ẹ̀ ni K, kì í ṣe K inú káún o, sódíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú káún.)

Ẹlú ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní tiẹ̀. Kábọ́ọ̀nù 16, háídírójìn 10, náítírójìn 2, ọ́síjìn 2 ló so pọ̀ di ẹyọ aró kan ṣoṣo tó kéré jù, kò sẹ́ni tó já nǹkan fẹ́nìkan níbẹ̀, wọ́n jọ ni ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ni, bí ilé ẹbí, ìwọ nìkan ò lè gbé yàrá tìẹ lọ. Aró búlúù yìí kì í yòrò nínú omi, torí omi ò rí ibi dì í mú. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń mú ẹlú kan nínú ìkòkò ló máa fún un ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì, omi eérú á jẹ́ kó di áyọ́ọ̀nù, omi dẹ̀ fẹ́ràn áyọ́ọ̀nù bí nǹkan míì, ó máa gbà á wọlé, aró á ráyè wọnú òwú. Àwọ̀ ewé nìyẹn. Tí aṣọ bá jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á já ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjèèjì gbà padà, aró á di alágídí tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, inú òwú ló máa há sí. Há ni mo wí o, kò so mọ́ òwú gan-an, ìdí nìyẹn tí àdìrẹ tuntun fi máa ń kun èèyàn lọ́rùn. Ní báyìí, kọ́sítíìkì sódà àti haidirosọ́fáìtì ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò dípò eérú àti kòkòrò, iṣẹ́ kan náà ni, àmọ́ ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Àlùkò wá ni tèmi nínú àdúrà yẹn. Lọ́dún 1869 ni Arthur Church, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Gẹ̀ẹ́sì kan, kọ̀wé pé bàbà wà nínú àwọ̀ pupa tó wà níyẹ̀ẹ́ apá irú àwọn ẹyẹ yẹn, bàbà tá a fi ń ṣe wáyà. Áyọ́ọ̀nù ni bàbà náà níbẹ̀, náítírójìn mẹ́rin ló yí i ká tí wọ́n dì í mú. Osùn kankan ò sí níbẹ̀. Bó ṣe dì tó yẹn, tẹ́ ẹ bá ki ìyẹ́ yẹn bọ omi eérú, pupa ẹ̀ á máa jáde sómi.

Ti lékeléke ò le, funfun ẹ̀ ò ní àwọ̀ kankan nínú, ìmọ́lẹ̀ ló ń tú ká lára ìyẹ́ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ṣì wà n'Ábẹ́òkúta, ẹ bẹ aláró tó ṣì ń lo ẹlú kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ jáde, ẹ má yáa wọ funfun lọ.