mtDNA ẹnì kan tó dà bí ti ẹni méjì: kí ni kí n kọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣogbo ni mo ti ń kàwé, iṣẹ́ àṣekágbá mi sì dá lórí mtDNA (DNA inú mitochondria sẹ́ẹ̀lì) àwọn ìdílé tó ti pẹ́ nílùú yìí. HVS-I àti HVS-II ni abala méjì tí mtDNA ènìyàn ti máa ń yàtọ̀ síra jù; a ṣe PCR (ọ̀nà tí a fi ń sọ ègé DNA di púpọ̀) HVS-I lọ́tọ̀, a ṣe ti HVS-II lọ́tọ̀. HVS-I ẹnì kan ní àyípadà ní ipò 16223, 16278, 16294, 16309 àti 16390. HVS-II rẹ̀ ní 73, 150, 195 àti 263. Ọ̀kan dà bí haplogroup (ẹ̀ka igi ìran mtDNA) L2a, èkejì dà bí L3e. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé mtDNA ìyá àti ti bàbá ló gé, tí wọ́n sì tún so pọ̀ mọ́ra?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ ọ́. Bí ẹ ṣe kà á tọ̀nà: 16278, 16294 àti 16390 papọ̀ tọ́ka sí L2a, ó sì yẹ kí ẹ bá 146 àti 152 nínú HVS-II ẹni bẹ́ẹ̀. Wọn ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó sábà máa ń fa irú èyí ni pé túùbù ẹni méjì ti pààrọ̀ ara wọn láàárín PCR kìíní àti ìkejì. Nígbà tí a bá ti ṣe abala méjèèjì lọ́tọ̀, nọ́ńbà tí a kọ sára túùbù nìkan ló so wọ́n pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ nínú ráàkì. Ṣé ẹnì kan wà tí tirẹ̀ rí ní òdìkejì, L3e ní HVS-I, L2a ní HVS-II? Bí ó bá wà, ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ padà lọ gba itọ́ tuntun lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ sì yọ DNA rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ má lo èyí tó wà nínú fìrísà, torí bó bá jẹ́ pé inú túùbù yẹn ni àṣìṣe wà, òun náà ni ẹ ó tún rí.

PCR tuntun yìí, ẹ ṣe é ní ẹyọ kan. mtDNA ènìyàn rí roboto bí òrùka, gígùn rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 16,569, ibi tó parí sí náà ni nọ́ńbà 1 ti bẹ̀rẹ̀. HVS-I àti HVS-II kò jìnnà síra rárá. Primer (ègé DNA kúkúrú tí PCR ti ń bẹ̀rẹ̀) kan nítòsí 15,900 àti èkejì nítòsí 600 yóò fún yín ní ègé tó tó 1,270. Ẹ fún Taq (enzyme tó ń kọ DNA tuntun) ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ní 72°C nínú ìyípo kọ̀ọ̀kan, kí ẹ má sì kọjá ìyípo 30. Ìdí ni pé ègé tí Taq kò ṣe parí lè lẹ̀ mọ́ DNA mìíràn ní ìyípo tó kàn, kí ó sì máa gùn lọ níbẹ̀. Bí DNA ẹlòmíràn bá ti kán sínú túùbù, a jẹ́ pé ẹ̀rọ ti so DNA ẹni méjì pọ̀, ohun tí kò sí lára ẹnikẹ́ni. Bí iná bá lọ láàárín PCR, ẹ dà á nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ fi túùbù tó jẹ́ omi nìkan sí i, kí ẹ sì fi èsì yín wé mtDNA gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan àwọn túùbù náà.

Bí èsì kò bá yí padà ńkọ́? 146, 150, 152 àti 195 wà lára àwọn ipò tó máa ń yí padà léraléra, nítorí náà L2a gan-an lè pàdánù méjì kí ó sì gba ọ̀kan. Ẹ jáde kúrò nínú D-loop (apá tí HVS-I àti HVS-II wà) láti mọ̀. Ipò 2352 (ti L3e) àti 2416 (ti L2) sún mọ́ra, PCR kékeré kan yóò kó méjèèjì. Ẹ ka 13803 (ti L2a) àti 14212 (ti L3e) pẹ̀lú. Bí gbogbo wọn bá wí pé L2a ni, àyípadà lásán ló wà ní HVS-II yẹn.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn báyìí ni pé kí ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ tó lè hàn, oríṣi mtDNA méjì gbọ́dọ̀ wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan náà. Ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ni tiwa sábà máa ń ti wá, ẹ̀dà rẹ̀ sì sábà máa ń jọra; bí wọ́n tilẹ̀ gé tí wọ́n sì so, kò ní sí ohun tí a ó fi mọ̀. Nínú ìṣáwùrú òkun Mytilus, níbi tí akọ ti ń fún ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ akọ ní mtDNA, ó hàn kedere. Ní ti ènìyàn, Schwartz àti Vissing rí ọkùnrin kan ní 2002 tí mtDNA bàbá rẹ̀ wà nínú iṣan ara rẹ̀, ní 2004 Kraytsberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì rí èyí tó so pọ̀ nínú iṣan ọkùnrin yẹn kan náà. Ní 1999, Hagelberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde irú rẹ̀ láti erékùṣù Nguna ní Vanuatu. Nígbà tí a tún un wò, títò lẹ́tà DNA ni kò bára mu, wọ́n sì kó ọ̀rọ̀ wọn jẹ.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ ṣe clone ègé 1,270 yẹn (ẹ ya ẹ̀dà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú bakitéríà), kí ẹ ka ogún ó kéré tán, kí ẹ sì gba itọ́ ìyá àti bàbá ẹni náà. Bí agbára kò bá ká a, ẹ kọ àwọn ipò náà bí ẹ ṣe rí wọn, ẹ má fún ẹni náà ní haplogroup kankan, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò nínú igi ìran tí ẹ fẹ́ yà.