Ṣé kí n kàn máa da omi bo gbogbo oko?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ní àkùrọ̀ éékà méjì lápá Ìsẹ́yìn, odò ò jìnnà sí i rárá. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra pọ́ǹpù, kí n máa da omi bo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀rùn, pé kò náni ní nǹkan kan. Ìrẹsì àti tòmátì ni mo fẹ́ gbìn. Ṣé ó dáa?

Ìdáhùn: Fún ìrẹsì, ó dáa, tílẹ̀ yẹn bá jẹ́ ilẹ̀ amọ̀. Fún tòmátì, rárá o. Ẹ bu ilẹ̀ yẹn díẹ̀, ẹ fomi sí i, kẹ́ẹ fọwọ́ yí i gùn bí okùn, tó bá ń já kélekèle, yanrìn ti pọ̀ nínú ẹ̀, omi ò lè dúró níbẹ̀.

"Kò náni ní nǹkan kan" yẹn gan-an ni mi ò gbà. Ká ní omi sẹ̀ǹtímítà 5 péré lẹ fẹ́ kó dúró lórí éékà kan, bíi lítà 200,000 nìyẹn o! Pọ́ǹpù tó ń gbé lítà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan máa ṣiṣẹ́ ju wákàtí mẹ́ta lọ kó tó gbé e tán, ìyẹn tílẹ̀ ò bá mu nínú ẹ̀, ilẹ̀ á sì mu ún dandan, ẹ wá ṣírò owó pẹtiróòlù. Àwọn tí omi ń fúnra ẹ̀ ṣàn wọ oko wọn ló ń rí i ní pọ́ọ́kú.

Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé omi tó bo ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èpò hù, owó oko ríro á dín kù. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ilẹ̀ yẹn pẹrẹsẹ kẹ́ẹ sì fi amọ̀ mọ odi kékeré yí i ká, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ apá kan á rì, apá kejì á gbẹ. Kò sì dandan kómi máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Tírẹsì bá ti fìdí múlẹ̀, ẹ ri páìpù tẹ́ẹ dá ihò sí lára mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kómi inú ẹ̀ fà dé sẹ̀ǹtímítà 15 nísàlẹ̀ ilẹ̀ kẹ́ẹ tó tún fa òmíì, àfi tó bá ń yọ òdòdó.

Ní ti tòmátì, ibi tílẹ̀ ti ga díẹ̀ ni kẹ́ẹ gbìn ín sí. Gbòǹgbò ẹ̀ ń fẹ́ atẹ́gùn, omi tó sì ń ṣàn káàkiri máa ń gbé àrùn tó ń mú un rọ látìdí kan lọ sídìí òmíì. Ẹ kọ ebè, kómi gba inú poro, kó má bo orí ebè. Ajílẹ̀ yúríà ńkọ́? Ẹ má dà á sílẹ̀ nígbà tómi ń ṣàn jáde, inú odò ló máa lọ.

Kẹ́ẹ tó ra pọ́ǹpù yẹn, ẹ kọ́kọ́ gbẹ́ ojú ibi tómi á máa gbà jáde, torí omi tí ò ríbi lọ á gbẹ síbẹ̀, iyọ̀ ẹ̀ á sì kù sórí ilẹ̀.