Ẹ má tíì pe màmá yín ní aláìmọ̀kan

Ẹ ní àwọn kan ń forúkọ àwọn oníṣòwò sílẹ̀ l'Ìjẹ̀bú-Igbó torí owó ìrànwọ́ ìjọba, pé màmá yín tó ń ta gààrí kọ̀ jálẹ̀ láti fún wọn ní NIN àti BVN, ẹ wá ń béèrè bí ẹ ṣe máa là wọ́n lójú. Ojú wọn là. Èmi ti ṣe iṣẹ́ orúkọ kíkọ yìí rí ní Ṣágámù, ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ètò ìlera ni wọ́n pè é. Wọ́n kó wa lọ sọ́jà pẹ̀lú tábúlẹ́ẹ̀tì, wọ́n tún fún wa ní fọ́ọ̀mù onípépà nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Orúkọ, nọ́ńbà fóònù, NIN, ọjọ́ orí, iye ọmọ. Ó dáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń béèrè ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, àti wọ́ọ̀dù téèyàn ti ń dìbò. Mo bi ọ̀gá wa pé kí ló kan ìbò nínú ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní bí fọ́ọ̀mù ṣe wá nìyẹn. Fọ́ọ̀mù kì í dédé wá o, ẹnìkan ló jókòó tó kọ ọ́.

Ìgbà tí ìbò sún mọ́lé ni àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí fóònù àwọn ìyá wọ̀nyí, t'orúkọ t'orúkọ. Ìyá aláṣọ kan wà níbẹ̀ tí orúkọ bàbá rẹ̀ fi "Ọnà" bẹ̀rẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ti tẹ̀ ẹ́ ní "Ana". Wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ní báǹkì, wọn ò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lórí káàdì ìdìbò, àfi nínú fọ́ọ̀mù wa. "Ana" yẹn gan-an ni olóṣèlú fi kí i. Ó gbé fóònù wá bá mi, kò pariwo, kò bú mi. Ó ní, "Ọmọ mi, ta lẹ tà mí fún?" Mo wá ìdáhùn lọ sí ọ́fíìsì, ẹni tibí ní kí n lọ rí ẹni tọ̀hún, ẹni tọ̀hún ní kí n padà sọ́dọ̀ ẹni tibí, títí ó fi sú mi. Títí dòní, kò sẹ́ni tó sọ bí orúkọ ṣe jáde.

Kì í kúkú ṣe pé àwọn ìyá wa kórìíra àkọsílẹ̀. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ lóṣù kejìlá ọdún 2020 pé ká so NIN mọ́ síìmù, ta ni kò tò? Alájọ mọ iye tí màmá yín ń pa lóòjọ́ ju ẹ̀yin ọmọ lọ, wọn ò sì fi pa mọ́ fún un, torí káàdì àjọ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n mọ ilé alájọ, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí wọ́n máa kó o. Èwo nínú rẹ̀ ni àwọn tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá fún wọn?

Àwọn gómìnà gan-an ò fọkàn tán irú àkọsílẹ̀ báyìí. Lóṣù keje ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ní òun fẹ́ pín 8,000 náírà lóṣooṣù fún mílíọ̀nù 12 ìdílé, ìgbìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé tí àwọn gómìnà wà nínú rẹ̀ ní ìwé orúkọ àwọn aláìní tó wà nílẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Lọ́dún 2024, Paradigm Initiative, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aráàlú lórí ayélujára, tún kéde pé àwọn wẹ́ẹ̀bù kan ń ta NIN àwọn èèyàn ní 100 náírà. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ní kò sẹ́ni tó já wọ ibi ìpamọ́ àwọn. Ó ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan lè gba ọ̀nà mìíràn jáde láìjẹ́ pé wọ́n já ilẹ̀kùn.

Òfin wà o. Òfin ààbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2023 mú iléeṣẹ́ ìjọba náà: wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹni ṣe, wọn ò gbọdọ̀ gbà ju èyí tí iṣẹ́ ń fẹ́ lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ gbé e lọ síbi tí kò bá ìdí tí wọ́n fi gbà á mu. NDPC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin yìí, là ń fẹjọ́ sùn. Àmọ́ ẹjọ́ sísùn kò lè gba nọ́ńbà padà lọ́wọ́ ẹni tó ti dà á kọ, nítorí náà ìbéèrè tí èèyàn bá bi wọ́n kó tó fún wọn ní nọ́ńbà ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi.

Ẹ jẹ́ kí màmá bi wọ́n: lẹ́tà tó rán yín dà? Kí lẹ fẹ́ fi BVN ṣe tí nọ́ńbà àkáǹtì kò lè ṣe? Ibo ni fọ́ọ̀mù yìí máa sùn lálẹ́ òní? Tiwa, inú búùtù mọ́tò ọ̀gá wa ló ń sùn. Bí wọ́n bá sì sọ pé kí màmá ka nọ́ńbà OTP tó wọlé sórí fóònù fún àwọn, olè ni wọ́n, kí màmá lé wọn.

Bí ẹ bá rí fọ́ọ̀mù náà gbà, kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí i, ẹ yà á ní fọ́tò kí ẹ gbé e síbí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà.