Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wọlé sí Zoom kì í ṣe ọ̀lẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì yín ti pàṣẹ pé kí ìdajì iṣẹ́ sáà yìí di ti orí íntánẹ́ẹ̀tì, pé nínú akẹ́kọ̀ọ́ 200, bíi 40 ló ń yọjú sí Zoom, àti pé àwọn àgbà olùkọ́ ti fárígá. Poli lèmi ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ìṣirò owó. Láti oṣù kẹta ọdún 2020 tí ìjọba ti ilé-ìwé pa nítorí kòrónà ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ wá lọ́rùn. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, yan iṣẹ́ lódì láti oṣù kẹta yẹn títí di oṣù kejìlá, nítorí náà ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba ò tíì fọwọ́ kàn án nígbà tí tiwa ti le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe àwọn tó kù ní ọ̀lẹ. Fídíò Zoom tí èrò pọ̀ sí lè jẹ tó 1GB ní wákàtí kan. Ẹ bá ọmọ tó ní kọ́ọ̀sì mẹ́jọ ṣírò rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wò ó bóyá owó oúnjẹ rẹ̀ ò ní tán síbẹ̀. Zoom ọ̀fẹ́ tún ń já lẹ́yìn ìṣẹ́jú 40. Tó bá ti já, ọ̀pọ̀ wọn ò ní padà wọlé mọ́. Iná ńkọ́? Ẹni tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló ti ń gba iná sí fóònù, báwo ló ṣe fẹ́ wà níbẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tí ẹ dá?

Telegram la sá lọ. Nígbà náà, WhatsApp ò gbà ju ènìyàn 256 lọ nínú àwùjọ kan, kíláàsì wa sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ti Telegram gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ẹni tó bá sì dé lọ́sàn-án á rí ohun tí ẹ fi síbẹ̀ láàárọ̀. Ẹ sọ̀rọ̀ sínú fóònù ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ohùn lásán, kò sí fídíò. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá bẹ́ẹ̀ kì í jẹ dátà tó ti fídíò rárá. Ẹ ya fọ́tò nóòtì yín tẹ̀ lé e. Kí gbogbo rẹ̀ sì ti wà lórí Telegram kí aago méjìlá òru tó lù, torí dátà òru tó dínwó lọ̀pọ̀ wọn fi ń fa nǹkan sílẹ̀. Zoom kò burú, àmọ́ ẹ fi í sílẹ̀ fún ìbéèrè nìkan, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ọmọbìnrin kan wà ní abúlé kan ní Òkè-Ògùn nígbà tí wọ́n lé wọn kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀bá táǹkì omi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé. Tó bá ti oko dé, á gbé fóònù lọ síbẹ̀, á dúró kí ohùn wa wọlé tán, á wá lọ gbọ́ ọ nílé. Kò yọjú sí Zoom rí. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tí kò wá. Mo ṣí Telegram hàn án: ìdáhùn ọmọ yẹn ń wọlé ní bí aago mẹ́jọ alẹ́, ìgbe ewúrẹ́ ń dún lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ó sì ti gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ. Lójú tèmi, kí ẹ máa fipá mú ọmọ ṣí kámẹ́rà kí ẹ tó sàmì sí orúkọ rẹ̀, ìkà ni. Ìbéèrè kan lẹ́yìn ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n dáhùn láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ìyẹn tó fún mákì wíwá síléèwé.

Ó wá kan ti àwọn àgbà olùkọ́. Wọ́n kó gbogbo wa sí gbọ̀ngàn, wọ́n tan pírójẹ́tọ̀, ẹni tó ń kọ́ wa ń sáré tẹ nǹkan bí ẹni tí ajá ń lé. Kò sí ohun tó bá wa délé. Èyí tó ṣiṣẹ́ ni pé a fún àgbà kọ̀ọ̀kan ní ẹnìkan, ẹnìkan péré, tí yóò jókòó tì í nílé rẹ̀. Bàbá kan ní ẹ̀ka wa ò fẹ́ gbọ́ nípa sláìdì rárá. A to fáìlì àtijọ́ ní òkìtì méjì sórí tábìlì, a gbé rúlà onígi méjì dábùú wọn, a da fóònù délẹ̀ lórí rẹ̀ kí kámẹ́rà máa wo ìwé tó wà nísàlẹ̀. Bàbá mú bírò, ó fa ìlà lẹ́jà, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ owó, dẹ́bíìtì lápá òsì, krẹ́díìtì lápá ọ̀tún, ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń sọ ọ́ níwájú pátákó. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan làwọn ọmọ ń rí, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè ju ti àwa tí a ní sláìdì lọ. Tí àgbà bá ṣì nǹkan tẹ̀, ẹ pè é lórí fóònù. Ẹ má tún un ṣe lójú ọmọ iléèwé, kò ní padà wá.

Iṣẹ́ ọwọ́ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín: kò sẹ́ni tó ń kọ́ iṣẹ́ jíjó irin lórí Telegram. Ẹ gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ fún wọ́kíṣọ́ọ̀bù kí sáà tó parí. Ẹ sì bá ọ̀gá yín sọ ọ́ pé kí wọ́n máa fún olùkọ́ lówó dátà, torí àpò ara wa la fi ń ṣe é níbí.

Ní ti ìdánwò, wọ́n á wo ara wọn, ẹ ò lè dá wọn dúró. Èmi máa ń ní kí olúkúlùkù lọ bá ẹnìkan tó ń tajà ládùúgbò rẹ̀ ṣe ìwé owó ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnìkan mú ti aláta wá, ẹlòmíràn mú ti oní-POS. Wọn ò lè da ti ara wọn kọ, torí ọjà wọn ò jọra.