Kí ẹ tó sanwó fún àjákù Tórà yẹn

Bọ̀dá, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní àjákù awọ kan tí wọ́n fọwọ́ kọ Tórà, ìyẹn ìwé márùn-ún Mósè, sí ní èdè Hébérù ló wù yín rà, pé ẹni tó ń tà á ní láti Yemen ló ti wá, ó sì ti tó 600 ọdún. Ó pẹ́ tí mo ti ń ra irú rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀n níbí. Ẹ fi ti ọjọ́ orí sílẹ̀ ná. Gbogbo ẹni tó ń tà ló ń bu ọdún lé e. Èyí tí wọ́n kọ ní 1650 àti èyí tí wọ́n kọ ní 1850 lè jọra bí ìbejì, torí òfin ló de akọ̀wé lọ́wọ́: lẹ́tà 304,805 ló wà nínú odindi ìwé kíká Tórà (awọ gígùn tí wọ́n ń ká jọ bí ẹní), kò gbọdọ̀ fi ọ̀kan dín in.

Awọ ni kẹ́ ẹ wò. Ti Yemen sábà máa ń pupa rẹ́súrẹ́sú, ti Jámánì àti Pólàǹdì máa ń funfun jù ú lọ. Bí òpó kan, ìyẹn ọ̀wọ́ ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, bá pé, ẹ ka ìlà rẹ̀: ti Yemen sábà máa ń jẹ́ 51, ti àwọn ará Yúróòpù sì sábà máa ń jẹ́ 42. Ẹ tan iná sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí ìlà tí akọ̀wé fi nǹkan ẹnu mímú fà sára awọ láìlo tàdáwà. Abẹ́ ìlà yẹn ni lẹ́tà máa ń rọ̀ sí, kì í jókòó lé e bíi tiwa. Bí àmì fáwẹ́lì bá wà níbẹ̀, kì í ṣe ìwé kíká tí wọ́n ń kà ní sínágọ́gù nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tàdáwà gan-an ló gba ojú. Ọkùnrin kan nawọ́ àjákù kan sí mi lọ́jà ohun àtijọ́, ó ní aginjù Jùdíà ni wọ́n ti rí i. Awọ náà gbó lóòótọ́. Mo gbé awò lé e, mo rí i pé tàdáwà ti ṣàn wọ ibi tí awọ ti sán. Bó bá jẹ́ ìgbà tí awọ ṣì tutù ni wọ́n kọ ọ́, tó wá sán lẹ́yìn náà, ńṣe ni lẹ́tà ìbá pín sí méjì. A jẹ́ pé awọ ti gbó tán kí wọ́n tó kọ nǹkan sí i. Mo dá a padà, mo ní ó dàbọ̀. Irú rẹ̀ ló bá Museum of the Bible, ilé àkójọ ohun àtijọ́ tó jẹ mọ́ Bíbélì ní Washington. Ní 2020, wọ́n kéde pé gbogbo àjákù 16 tí wọ́n ní, tí wọ́n ń pè ní ti Òkun Òkú (ìwé Hébérù àtijọ́ tí wọ́n rí nínú ihò àpáta ní aginjù Jùdíà), ayédèrú ni. Àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ awọ bàtà àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo owó ọwọ́ wọn o! Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní òun ń ta ti Òkun Òkú fún yín, ẹ bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Ẹ béèrè ọwọ́ ta ló ti wá, àti ìwé tó fi hàn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́jà ló yẹ kó débẹ̀. Ìwé kíká 1,564 tí wọ́n kó jọ sí ìlú Prague nígbà ìjọba Násì ti Hitler dé Westminster Synagogue, sínágọ́gù kan ní Lọ́ńdọ̀n níbí, ní 1964. Wọ́n ń yá àwọn ìjọ lò ni, wọn kì í tà á. Èyí tó bá gbó kọjá àtúnṣe, ńṣe ni àwọn Júù máa ń sin ín. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í ra èyí tí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gún régé, tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹnì kan ló jókòó ti odindi ìwé, tó ń gé e tà bí aṣọ ọ̀pá. Òfin ìjọba lè gbà á, ọkàn tèmi kò gbà á.

Ẹ̀yin ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da òróró sí i. Mo ti rí i kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ẹ má gbé e sójú fèrèsé.

Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò ẹ̀yìn awọ náà fún yín, pẹ̀lú ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Iṣan ẹran ni wọ́n fi ń rán an, kì í ṣe òwú. Bó bá yà á, ẹ fi ránṣẹ́, mo máa bá yín wò ó.