Àáfà, àdúà wo ni kí n ṣe kí n tó lọ rajà ní Ṣáínà?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù àlékúmù, Àáfà wa. Báàgì àti bàtà ni mo ń tà ní Tákìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ọwọ́ àwọn tó ń kó o wọlé ní Èkó ni mo ti ń rà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ fẹsẹ̀ ara mi lọ sí Guangzhou ní Ṣáínà lóṣù kẹwàá tó ń bọ̀, nígbà ọjà ńlá tí wọ́n máa ń ná níbẹ̀. Ọjọ́ méjìlá ni mo fẹ́ lò. Àwọn mẹ́fà nínú ọjà wa ti kó owó fún mi pé kí n bá wọn rajà bọ̀. N kò wọ bàálù rí. Àdúà wo ni kí n ṣe kí ọ̀nà lè là? Ṣé kí n ṣe sàárà, àbí ẹ máa bá mi ṣe hàǹtú (omi tí a fi fọ àyà Àlùkùránì tí a kọ sí wàláà)? Báwo ni n óò ṣe máa kírun, kí sì ni n óò máa jẹ lọ́hùn-ún?

ÌDÁHÙN: Wàálékúmù sàláámù. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ lọ ire, kí ẹ bọ̀ ire.

Àdúà lẹ fi ṣáájú ìbéèrè yín, ẹ wá sọ̀rọ̀ owó àwọn ènìyàn mẹ́fà láàárín bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òjò àná. Èmi máa yí i padà. Owó yẹn ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni ẹrù tó wúwo jù nínú gbogbo ohun tí ẹ fẹ́ gbé lọ.

Nígbà tí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fẹ́ kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ẹ̀mí rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Síbẹ̀, nǹkan ìpamọ́ àwọn ará Mẹ́kà wà lọ́wọ́ rẹ̀, títí kan ti àwọn tí kò gba ẹ̀sìn rẹ̀. Kò sọ pé ọ̀tá ni wọ́n. Ó fi Ali sílẹ̀ lẹ́yìn kí ó dá àmáánà oníkálukú padà fún un, lẹ́yìn náà ni Ali tó tẹ̀lé e. Ẹni tó ń sá fún ikú ló ṣe bẹ́ẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹni tó ń lọ ra báàgì.

Nítorí náà, ẹ pe àwọn mẹ́fà yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ẹ bi wọ́n pé: irú owó wo lẹ fún mi yìí? Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ lẹ bá wọn jẹ́, ẹ ti di aṣojú wọn nìyẹn. Iye tí ẹ bá rà á ni iye tí ẹ máa sọ fún wọn, bí ẹni tó tajà bá sì ṣẹ́ nǹkan kúrò lórí rẹ̀, ti olówó ni. Mo mọ ohun tí à ń ṣe nínú ọjà wa: a óò rà á ní mẹ́wàá, a óò ní méjìlá ni, a óò sì pe méjì yẹn ní owó ẹsẹ̀. Owó ẹsẹ̀ kò burú. Fífi pamọ́ ló sọ ọ́ di jìbìtì. Ẹ dá iye kan kí ẹ tó lọ, kí wọ́n gbọ́ ọ, kí wọ́n gbà.

Tó bá sì jẹ́ pé àjọṣe ni, tiwọn ni owó, tiyín ni wàhálà, ẹ pín èrè ní ìlàjì tàbí ìdá mẹ́ta, bí ẹ bá ṣe fẹnu kò sí. Ẹ kò gbọdọ̀ sọ pé ẹ máa fún ẹnì kan ní iye náírà kan pàtó, ọjà ì báà tà, ì báà má tà. Èlé ti wọ ìyẹn. Bí òfò bá sì ṣẹlẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ ṣe àìbìkítà, owó olówó ló lọ, wàhálà tiyín náà sì lọ lásán. Ọ̀pọ̀ ìjà tí wọ́n ń gbé wá sílé mi, ibí yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀: ọ̀kan rò pé òun yá a lówó, èkejì rò pé àwọn jọ ṣòwò ni.

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àyà tó gùn jù nínú gbogbo Àlùkùránì, ìyẹn ẹsẹ 282 nínú Súrà Bàkárà, orí gbèsè kíkọ sílẹ̀ àti ẹlẹ́rìí ló dá lé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìwé kíkọ fi hàn pé ẹ kò finú tán ara yín.

Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti kọ wásíyà yín, ìyẹn ìwé ìhágún. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí àwọn ènìyàn wa fẹ́ gbọ́ ọ, wọ́n a ní à ń fi ikú lọ àwọn. Ànọ́bì ló sọ pé Mùsùlùmí tó ní ohun tí yóò sọ wásíyà lé lórí kò gbọdọ̀ sun òru méjì láìjẹ́ pé ó wà ní kíkọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ gbèsè tí ẹ jẹ, gbèsè tí wọ́n jẹ yín, àti orúkọ àwọn tó ni owó tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ fi owó oúnjẹ ọjọ́ méjìlá sílẹ̀ fún ìyàwó àti ọmọ, kí ẹ fi díẹ̀ lé e, torí bàálù lè pẹ́.

Ẹ kò bi mí léèrè ọ̀rọ̀ dọ́là, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ máa ṣẹ́ owó. Ọwọ́ kan kó náírà sílẹ̀, ọwọ́ kejì kó dọ́là tàbí yúàn sílẹ̀, lójú kan náà. Kí wọ́n kó dọ́là fún yín lónìí pé ẹ máa san náírà rẹ̀ ní ìparí oṣù, kò tọ́. Ohun tí Ànọ́bì sọ nípa wúrà àti fàdákà, pé ọwọ́ sí ọwọ́ ni, òun ni àwọn onímímọ̀ fi ń dá ẹjọ́ owó bébà lóde òní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ajẹ́ńtì tó bá ní òun máa bá yín wá owó rọ́ sínú àkáǹtì fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ lè rí físà gbà. Irọ́ lẹ fẹ́ fi wọ ìlú onílùú yẹn, báwo lẹ ṣe wá fẹ́ kí n bá yín ṣe àdúà sí i?

Ó dáa. Àwọn ará Yemen kan nígbà kan rí máa ń lọ sí Hájì láìmú oúnjẹ dání, wọ́n a ní Ọlọ́hun làwọn gbára lé, bí wọ́n bá sì dé Mẹ́kà wọ́n a máa tọrọ jẹ. Orí wọn ni àyà sọ̀ kalẹ̀ pé kí wọ́n mú èsè dání, pé èsè tó dára jù sì ni ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Nítorí náà, mímúra sílẹ̀ wà lára ẹ̀sìn. Kí páásípọ́ọ̀tù yín ṣì ní ju oṣù mẹ́fà lọ kí ó tó kú. Káàdì pupa-rúsúrúsú ti abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, ó kéré tán ọjọ́ 10 ṣáájú ìrìnàjò ni kí ẹ ti gba abẹ́rẹ́ náà, ẹ má sì ra káàdì lọ́wọ́ ẹni tí kò gún yín ní nǹkan kan. WhatsApp àti Google kì í ṣí ní Ṣáínà bí ó ṣe ń ṣí níbí, torí náà ẹ gbé Àlùkùránì, àkókò ìrun àti nọ́ńbà àwọn ènìyàn yín sórí fóònù láti ilé.

Ìrun wá kàn. Anas, ọ̀kan nínú àwọn sàhábà Ànọ́bì, sọ pé òun bá Ànọ́bì kí àyìlà ní òpó mẹ́rin ní Mẹ̀dínà, òun sì bá a kí àsárì ní òpó méjì ní Dhul-Hulayfah, ẹ̀yìn odi ìlú níbẹ̀. Ẹ kò ní dúró de bàálù nìyẹn. Bí mọ́tò yín bá ti kọjá ilé tó kẹ́yìn ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọ̀nà Ọ̀yọ́, ẹ ti di arìnrìnàjò: àyìlà, àsárì àti ìṣáì di òpó méjì-méjì, màgàrìbí àti àsùbá wà bí wọ́n ṣe wà. Nínú mọ́síhábù Málíkì, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn tí à ń tẹ̀ lé, ìrìnàjò tó ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ ló ń mú èyí wá. (Ìlọrin kò tó bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń gé ìrun kù ní Ọjà Ọba níbẹ̀ lọ tún èrò pa.)

Bí ẹ bá dé Guangzhou pẹ̀lú èrò pé ẹ máa lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀, ẹ padà sí kíkí ìrun ní pípé láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Tó bá jẹ́ ọjọ́ méjì lẹ máa lò kí ẹ tó gbọ̀nà ìlú mìíràn tó jìnnà, ẹ máa gé e lọ. Nínú bàálù, ẹ dúró kí ìrun bí àyè bá wà. Bí kò bá sí, ẹ jókòó kí i, kí àkókò má baà lọ. Ẹ lè pa àyìlà pọ̀ mọ́ àsárì, kí ẹ pa màgàrìbí pọ̀ mọ́ ìṣáì.

Kíbúlà ni mo fẹ́ kí ẹ fetí sí dáadáa. Níbí, ìlà-oòrùn là ń kọjú sí, pẹ̀lú yíyà díẹ̀ sí àríwá. Ní Guangzhou, Mẹ́kà ti wà lẹ́yìn yín: ìwọ̀-oòrùn ni ẹ máa kọjú sí. Ọ̀rẹ́ mi kan dé ibẹ̀, ó jí ní àsùbá, ó wo ibi tí ojúmọ́ ti ń mọ́, ó sì kọjú síbẹ̀ bí ó ti ń ṣe nílé. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kẹ́yìn sí Kábà kí Mùsùlùmí kan tó fà á létí. Mo ní kí ó tún gbogbo ìrun yẹn kí, torí kò bèèrè, kò sì wádìí. Aago ibẹ̀ sì fi wákàtí 7 ṣáájú tiwa.

Ẹ óò rí mọ́ṣáláṣí níbẹ̀. Huaisheng wà lára àwọn tó pẹ́ jù ní gbogbo Ṣáínà. Òmíràn wà nítòsí ibùdó rélùwéè, tí wọ́n ní ibojì Sa'd ọmọ Abi Waqqas, sàhábà Ànọ́bì, wà nínú ọgbà rẹ̀. Mẹ̀dínà ni àwọn onítàn wa sọ pé wọ́n sin Sa'd sí. Ẹ lọ kí Jímọ̀ níbẹ̀, ẹ má lọ tọrọ ọjà tó tà lọ́wọ́ sàréè.

Oúnjẹ kò le. Ilé oúnjẹ tí àwọn Hui, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Ṣáínà, ní pọ̀, àmì 清真 (ìyẹn hàláàlì) ni wọ́n máa ń kọ síwájú rẹ̀. Ẹ yà á sórí fóònù. Ohun inú omi tọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ bèèrè irú òróró tí wọ́n fi dín in, torí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀. Gàrí yín ò burú. Ẹran gbígbẹ ni kí ẹ fi sílẹ̀, òfin wọn kò gbà á wọlé. Bí oníbàárà bá sì gbé ọtí síwájú yín láti fi dì í mọ́ òwò, ẹ gbé tíì sókè, wọ́n máa lóye.

Àdúà tí ẹ bèèrè wá kù. Bí ẹ bá ti jókòó nínú mọ́tò tàbí bàálù, ẹ ṣe Àlàáhù àkúbáárù lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ wá sọ pé: Subhaana lladhii sakhkhara lanaa haadhaa wa maa kunnaa lahu muqriniin, wa innaa ilaa Rabbinaa lamunqalibuun. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé mímọ́ ni fún Ẹni tó tẹ èyí lórí ba fún wa, àwa kò lè kápá rẹ̀, ọ̀dọ̀ Olúwa wa sì ni a ó padà sí. Kí àwọn tó sìn yín sọ́nà náà ṣe àdúà tí Ànọ́bì máa ń ṣe fún arìnrìnàjò, pé àwọn fi ẹ̀sìn yín, àmáánà yín àti ìgbẹ̀yìn iṣẹ́ yín sí ìkáwọ́ Ọlọ́hun. Ẹ rí i pé àmáánà wà nínú rẹ̀.

Sàárà dára, ẹ fún aládùúgbò tí ebi ń pa. Ní ti hàǹtú, n kò ní bá yín ṣe é, mo sì mọ̀ pé owó ni mo fi sílẹ̀ yẹn. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ kó ìwé àwọn mẹ́fà yẹn wá sí ilé kéwú wa lẹ́yìn ìrun àsárì lọ́jọ́bọ̀, kí n lè bá yín fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí.