Ẹ̀rù ìntánṣíìpù ń bà mí
Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí mi. Houston ni mo wà, mo ń ṣe PhD sàíkọ́lọ́jì, wọ́n ti mú mi fún ìntánṣíìpù ọdún 1 ní sẹ́ńtà ìtọ́jú ọpọlọ àdúgbò. Kí ni màá sọ tí ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́ bá jókòó síwájú mi?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, kú oríire o! Wọn ò ní dá ẹ dá a. Tí sẹ́ńtà yẹn bá wà lábẹ́ APPIC, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn sẹ́ńtà tó ń gba ìntánṣíìpù sàíkọ́lọ́jì, ó kéré tán wákàtí 4 lọ́sẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi bójú tó iṣẹ́ ẹ, 2 nínú ẹ̀ jẹ́ ìwọ àti ọ̀gá ẹ nìkan, má fi ṣeré rárá, ibẹ̀ ni kó o ti sọ ohun tó rú ẹ lójú. Má bá ẹni yẹn jiyàn pé kò sí ohùn o, kọ́kọ́ bi í bóyá ó sùn lánàá, bóyá ó ti jẹun, bu omi fún un, oògùn máa ń gbẹ wọ́n lẹ́nu, kó o wá bi í pé kí ni ohùn ọ̀hún ń sọ. Tó bá ní ohùn náà ní kí òun ṣe ara òun léṣe, pe ọ̀gá ẹ lójú ẹsẹ̀! Béèrè ará ilé ẹ̀ náà. Lambo tiwa, dókítà ọpọlọ ọmọ Nàìjíríà, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta láti 1954, àárín ará abúlé ló fi àwọn aláìsàn sí, mọ̀lẹ́bí wọn sì wà lọ́dọ̀ wọn.